Pupa Tí A Kì Í Fi Yin Ọmọge

Bí inú Yorùbá bá dùn sí obìnrin tó mọ́ láwọ̀, apọ́nbéporẹ́ là ń pè é, ẹni tó pọ́n bí epo. Bó bá sì jẹ́ dúdú ni, a ti ní oríkì fún òun náà nílẹ̀: adúmáadán, dúdú tí ń dán. Àwọn ìyá wa a máa fi osùn pa ọmọ tuntun lára, wọ́n a sì fi kun ẹsẹ̀ ìyàwó kó lè pọ́n kó sì jọ̀lọ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé Yorùbá kórìíra pupa. Ṣùgbọ́n pupa kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi yin ọmọge rí. Òun ni pupa tí irorẹ́ ń fà sójú èèyàn, èyí tó máa ń gbóná, tó máa ń ta, tí awọ orí ẹ̀ á tún wá gbẹ háúháú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí pupa ọ̀hún ṣe máa ń rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í dá a mọ̀. Àwòrán irorẹ́ tó kún inú ìwé àti ara páálí ìpara, ojú òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, lójú tiwọn pupa náà a sì máa hàn kedere bí ata rodo. Lójú dúdú bíi tèmi, kì í pọ́n báyẹn. Á dà bíi pé ẹnìkan ti ìka bọ inú osùn tó ti gbó, tó wá fi tẹ̀ mí lẹ́rẹ̀kẹ́, pupa tó fẹ́ jọ dúdú, tó tún fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni kó fi kàn án. Ibẹ̀ máa ń gbóná ju ara tó kù lọ, ó sì máa ń dunni bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bí irorẹ́ náà bá wá lọ, kì í kó ẹrù ẹ̀ tán. Á fi àpá dúdú sílẹ̀ tó lè lo oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ọdún kan. Àpá yìí gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn wọ ọjà ìpara ju irorẹ́ fúnra ẹ̀ lọ.

Mo ti lé lógójì ọdún, irorẹ́ ò sì tíì fi mí sílẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni mo wà nígbà tó kọ́kọ́ yọ níwájú orí mi. Ohun tí gbogbo ayé sọ fún mi nígbà náà ni pé bí mo bá ti pé ogún ọdún, yóò lọ. Mo pé ogún, kò lọ. Wọ́n ní bí mo bá ti lọ́kọ, yóò lọ. Mo lọ́kọ. Wọ́n ní ọmọ ni yóò gbé e lọ. Mo bí méjì, ó wá kúrò níwájú orí lóòótọ́, ó kó lọ sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì fi ṣelé di òní, tó ń jáde ní gbogbo ìgbà tí nǹkan oṣù mi bá ku bí ọjọ́ márùn-ún.

Iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń ṣe kò jẹ́ kí n lè fojú pamọ́. Mo ti jókòó níwájú baálẹ̀ kan rí, mo ṣí ìwé, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí. Baba wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló ṣe ọ́ lójú báyìí? O ò lẹ́ni tó lè fún ọ lágbo ni?" Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá, mo ń lo oògùn sí i." Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dọ̀tí. Agbo tí wọ́n júwe fún mi gba odindi ojú ewé kan nínú ìwé mi kí a tó dórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́, mo mọ̀. Inú rere náà ni oníbúrẹ́dì àdúgbò wa fi ń sọ pé kí n yé jẹ ẹ̀pà, òun náà sì ni ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bi mí bóyá èmi àti ọkọ mi ń sùn pọ̀ dáadáa. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀, ta ló ń rí i? Ti irorẹ́ nìkan ló jẹ́ pé ojú ló kọ ọ́ sí, tí tọmọdé tàgbà sì ń kà á.

Nílé ìwé girama tí mo lọ, tó jẹ́ pé inú ọgbà la ń gbé, ìdọ̀tí ni wọ́n ka irorẹ́ sí. Ìyá tó ń mójú tó ibùgbé wa a máa to àwa onírorẹ́ sórí ìlà láàárọ̀ Sátidé, tàwa ti kànìnkànìn àti ọṣẹ líle tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara, a ó wá máa ha ojú bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Bí a bá ti ṣan án tán, òwú tí wọ́n rì sínú sípírìtì ló kàn. Ìyá náà kì í ṣe èèyàn burúkú o, ohun tí wọ́n kọ́ òun náà nìyẹn. Àwọn kan nínú wa tún máa ń fi òroǹbó wẹ́wẹ́ pa á lálẹ́, àwọn mìíràn a fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ojú ti fà, ẹ̀rín ò ṣeé rín torí pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ń sán. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, awọ ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, abẹ́ èèpo náà ni irorẹ́ tuntun wà tó ń wò wá.

Ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nígbà náà, tó jẹ́ pé lẹ́nu dókítà awọ ara ni mo ti wá gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nìyí. Ọ̀rá kan wà tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe láti fi pa ara, ihò tí irun wẹ́wẹ́ ń gbà yọ ló sì ń gbà jáde. Bí èèyàn bá ń bàlágà, àwọn oje inú ara tó ń sọ ọmọdé di àgbà a mú kí ọ̀rá yìí pọ̀ sí i. Èèpo ara tó ti kú, tó yẹ kó máa ré bọ́ díẹ̀díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra, á dí ihò náà pa. Ọ̀rá há sínú. Kòkòrò aláìfojúrí kan tó ti ń gbé ara gbogbo wa tẹ́lẹ̀ wá rí ibi ṣe àsè, ni ara bá dìde láti bá a jà. Ìjà yẹn ni pupa, òun ni wíwú, òun náà ni ọyún. Gbogbo ẹ̀, abẹ́ awọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Kànìnkànìn ò dé ibẹ̀.

Ibi tí kànìnkànìn dé ni òkè, níbi tí awọ ti dà bí ògiri bíríkì. Ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ ló wà láàárín bíríkì kan sí èkejì bíi símẹ́ńtì, òun ni kì í jẹ́ kí omi inú ara fẹ́ lọ. Ọṣẹ líle àti sípírìtì, símẹ́ńtì yẹn ni wọ́n ń hú. Bí wọ́n bá ti hú u, omi á máa lọ, ojú á gbẹ, á sán, ohunkóhun tí èèyàn bá fi pa á á máa ta á. Báyìí ni ojú kan ṣoṣo ṣe lè gbẹ kó tún máa yọ irorẹ́, ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. "Ṣebí ojú ọlọ́ràá ló ń yọ irorẹ́?" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú ihò ni ọ̀rá yẹn wà, òkè ni gbígbẹ wà. Èrò tèmi sì ni pé púpọ̀ nínú pupa àti gbígbẹ tí à ń rí lójú onírorẹ́ nílẹ̀ yìí, irorẹ́ kọ́ ló ṣe é. Ohun tí a fi ń lé irorẹ́ ló ṣe é.

Bó ṣe rí lára àbúrò mi kan nìyẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó gbà kí n kọ ọ́ bí mi ò bá ti dárúkọ òun. Ọmọ ọdún 26 ni lọ́dún 2022, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ sí oṣù Kejìlá. Òun náà jogún irorẹ́ ilé wa. Nínú oṣù Keje, ó lọ bá obìnrin kan tó ń po ìpara tà nínú ọjà kan ní Ìbàdàn. Ike funfun ni: kò sí orúkọ lára ẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Obìnrin náà ní ewé àti òrí nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o, ká má purọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá irorẹ́ ti wọlẹ̀, ojú ọmọ náà ń dán bí awo tánganran. Gbogbo ilé ń bi í pé kí ló lò. Ìyá ẹ̀ pàápàá ra ike kan.

Ìparí oṣù Kẹsàn-án ló wọlé tọ̀ mí wá, ó fi gèlè bojú débi imú. "Àǹtí mi, ẹ wo ojú mi." Ó ṣí i. Pupa tí mo rí níbẹ̀ ti kọjá ti osùn, ti ẹran tí iná rà ni. Lẹ́bàá ẹnu, lẹ́bàá imú, títí dé abẹ́ ojú, irorẹ́ wẹ́wẹ́ tó dọ́gba bo gbogbo ẹ̀ bí ẹni da ọkà bàbà sí i. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Bí mi ò bá lò ó fún ọjọ́ méjì, báyìí ló ń ṣe. Bí mo bá tún fi pa á, á rọlẹ̀." Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò tún fi pa á. Ó ní, "Kì í rọlẹ̀ tán mọ́, Àǹtí mi."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ní dókítà awọ ara. Dókítà ò tíì fọwọ́ kan ojú ẹ̀ tó ti béèrè ike. Ó ní òun ò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ti jẹ́rìí: sítẹ́rọ́ọ̀dù ni, irú bíi clobetasol tàbí betamethasone. Oògùn yìí ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe bí dókítà bá fún ẹni tí àrùn awọ ń dà láàmú, fún ọjọ́ níwọ̀nba. Ìjà tí ara ń jà ló ń pa, ìdí nìyẹn tí pupa fi ń wọlẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fi pa ojú lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ lójú, á sì bí irorẹ́ tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a dúró, gbogbo pupa tó ti mú mọ́lẹ̀ á ru jáde.

Kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń pò mọ́ irú ìpara bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa fi hydroquinone sí i, wọ́n a máa fi mẹ́kúrì sí i. Ní 1975 ni àwọn dókítà Gúúsù Áfíríkà ti kọ̀wé nípa àwọn tí hydroquinone sọ ojú wọn di dúdú bí èédú, tí awọ náà sì ń ṣe ṣákálá-ṣákálá. Ní 1990 ìjọba wọn fòfin de ìpara ìbóra. Mẹ́kúrì ní tiẹ̀, kíndìnrín ló ń bá jà, NAFDAC ò sì fàyè gbà á nínú ohun ìṣaralóge. Fẹlá ti gbé Yellow Fever jáde láti 1976, a jó o, a sì tún lọ ra ìpara. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti sọ ọ́ tán nínú orúkọ tí a fún un: bíbóra. Ohun tí à ń ṣe fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ní à ń ṣe fún ara.

Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́jọ́ tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní kó má já ìpara náà sílẹ̀ lójijì láìsí ohun tó máa gbè é. Ó fún un ní sítẹ́rọ́ọ̀dù tí agbára ẹ̀ kéré gan-an fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó fi oògùn oníhóró kan kún un tó ní aláboyún ò gbọ́dọ̀ lò, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ojú náà yóò burú kó tó dára.

Ó burú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, oorun ò kun ọmọ náà mọ́. Ó máa ń rì aṣọ inúlé sómi tútù, á tẹ́ ẹ sójú níwájú fáànù. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ sì bi í pé, "Àǹtí, ṣé iná jó yín ni?" Ojú tó ń jó náà tún gbẹ, tó jẹ́ pé bó bá ti fọ̀ ọ́, èèpo funfun á máa já bọ́ sórí aṣọ ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ẹ̀ pè mí lórí fóònù. "Ìwọ lo mú ọmọ mi lọ síbi tí ojú ẹ̀ fi dà báyìí. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Jẹ́ kó máa fi ìpara yẹn pa á títí ìgbéyàwó á fi kọjá, kó wá máa ṣe ti dókítà." Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, mi ò lè já lu ọ̀rọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn ò nítumọ̀. Ìyá wo ló fẹ́ fa irú ojú bẹ́ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn níwájú àna? Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ sọ ohun tó bá fẹ́."

Ẹ̀gbẹ́ wọn ló wà. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí fóònù: "Màmá, bí mo bá tún fi pa á lónìí, ọjọ́ wo ni mo máa wá dá a dúró? Lọ́jọ́ ìkómọ ni?"

Wọn ò dá a lóhùn. Wọn ò sì mẹ́nu kan ike mọ́.

Ìtọ́jú tó kù kò ní ariwo nínú rárá, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa torí pé òun lèmi náà ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kéèyàn bọ́jú, kó lo ọṣẹ ìbọ́jú tí kò le, tí kò ní lọ́fínńdà, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ìka ọwọ́, ó tán. Aṣọ rírọ̀ ni kó fi tẹ omi náà, kó má nù ún. Kí ojú tó gbẹ tán ni kó ti fi ìpara fẹ́lẹ́ tí kò lóòórùn pa á, torí omi tó wà lójú nígbà yẹn ni ìpara náà ń dè mọ́lẹ̀. Láàárọ̀, ó yẹ kó fi ìpara tó ń dínà oòrùn kún un, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára, nítorí oòrùn ló ń mú àpá dúdú sí i. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Akẹtẹ̀ àti agbòòrùn ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Fún ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ń sán, básílíìnì fẹ́lẹ́ ti tó.

Ẹni tó bá ṣe pé irorẹ́ lásán ló ń bá jà, tí ìpara ò tíì bà á lójú jẹ́, benzoyl peroxide wà ní ilé oògùn. 2.5 nínú 100 ni kó béèrè, kó má wulẹ̀ ra 10; èyí tó kéré ń ṣiṣẹ́ tó ńlá, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ta. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó gbogbo ojú. Kó lò ó lálẹ́ òní, kó fi ọ̀la sinmi, títí ojú á fi mọ̀ ọ́n lára. Ó máa ń pa àwọ̀ aṣọ rẹ́, ìrọ̀rí mi aláwọ̀ búlúù ti di alámì funfun káàkiri, ọkọ mi sì ti bínú títí ó ti sú u. Adapalene náà dára, ṣùgbọ́n aláboyún má fọwọ́ kàn án. Azelaic acid ni aláboyún lè lò, ó sì máa ń bá àpá dúdú jà pẹ̀lú. Èyíkéyìí tí èèyàn bá mú nínú wọn, kó má retí nǹkan kan kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ibẹ̀ ló ti ń sú ọ̀pọ̀ wa. Ike funfun ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́wàá, kí wá lèèyàn ń dúró oṣù méjì sí?

Ẹ̀yin tí irorẹ́ yín kì í kúrò níwájú orí, ẹ yẹ ohun tí ẹ fi ń pa irun wò. Láti 1970 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa irorẹ́ tí ìpara irun ń fà lójú àwọn èèyàn dúdú. Àdí tó ń ṣàn bọ̀ láti inú irun dídì, ojú ló ń sinmi sí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ òrí láìdáa o, apá àti ẹsẹ̀ mi ò mọ nǹkan mìíràn nígbà ọyẹ́. Ojú onírorẹ́ nìkan ni mo ní kó ṣọ́ra. Ọṣẹ dúdú náà, eérú tó wà nínú ẹ̀ lágbára. Ara tó le lè gbà á, ojú tó ti ń bó kì í gbà á.

Ọjọ́ Sátidé, 17 oṣù Kejìlá, 2022, ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Pupa ti rọlẹ̀ nígbà yẹn, àpá ló kù, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Obìnrin tó wá ṣe ìyàwó lóge ní òun máa bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, àbúrò mi ní kó fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ ṣe é, pé ojú òun ò tíì lè gbé ẹrù. Ayàwòrán ní òun lè fi kọ̀ǹpútà pa gbogbo àpá rẹ́. Ó gbà kó pa díẹ̀.

Ó tó oṣù Kẹjọ ọdún 2023 kí àpá náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ọdún yẹn náà ló padà sí ìsọ̀ obìnrin tó ń po ìpara. Ó sọ fún mi pé ìjà lòun bá lọ. Obìnrin náà ní kò sí oníbàárà mìíràn tó ráhùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, àbúrò mi ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó pọ́n, tó ń bó, ó ń wo oríkèé ìka ọwọ́ ẹ̀ tó dúdú bí èédú. Ó pẹ́ díẹ̀, obìnrin náà wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó bi í pé kí ni wọ́n fi sójú òun tó fi dáa báyìí. Àbúrò mi mú bébà, ó kọ orúkọ ilé ìwòsàn náà sí i, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa ń rí dókítà awọ ara. Ọjọ́rú ni, agogo mẹ́jọ àárọ̀.